Bí a ṣe ń tú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì àti áàfù-ṣáàfù ẹ̀yìn Hiace àti Hilux

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń jo ọ́ìlì, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á tú táyà, wọ́n á pààrọ̀ láínì (ohun tó ń gbá dúrọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró), wọ́n á dè é padà. Kò ní pé oṣù kan tí láínì tuntun náà á tún ti rin ṣìnkìn. Láínì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ara ọ̀pọ́ ákísù, irin oníhò tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni àìsàn wà: síìlì (òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró) ti gbó, bíárìn ti ń mì, tàbí ihò tí ákísù fi ń mí ti dí. Ọwọ́ kò sì lè dé síìlì àti bíárìn àfi kí a fa áàfù-ṣáàfù jáde, irin gígùn tó ń gbé agbára láti dífù (àpótí gíà àárín ákísù) dé táyà.

Toyota Hiace àti Hilux tó ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn la ń sọ níbí, torí àwọn ló kún ọ̀nà wa, yálà èyí tó ń kó èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù ni o, tàbí èyí tó ń wọ oko lọ kó ẹ̀gẹ́ àti pákó ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Corolla, Camry àti Sienna tó pọ̀ nígboro, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn ń yí. Wọn kò ní áàfù-ṣáàfù lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù nìkan ló lè kàn wọ́n níbí. Ọ̀pọ̀ Peugeot 504 sàlúùn (kì í ṣe píkọ́ọ̀pù tàbí ẹlẹ́yìn gígùn), abẹ́ ọkọ̀ ni dífù rẹ̀ so mọ́, ṣáàfù rẹ̀ ń jó lókè-nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́rí Mercedes 911 tó ń kó gẹdú, ẹ lè fa ṣáàfù rẹ̀ yọ láìtú táyà rárá, torí họ́ọ̀bù (irin ìdí táyà) ló gbé ẹrù, ṣáàfù kàn ń yí i ni. Àwọn Ford àti Chevrolet kan sì wà tó jẹ́ pé òrùka kékeré tó rí bíi lẹ́tà C ló di ṣáàfù mú nínú dífù. Tí ẹ bá ń fa irú èyí láìṣí ìdérí dífù, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lórí.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Jáàkì tó lè gbé tọ́ọ̀nù 3, ìdúró irin méjì, ìtì igi mẹ́rin. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 fún nọ́ọ̀tì táyà, sípánà 10, 12 àti 14, àti 24 fún bóòtù dífù (àwọn kan ń lo álẹ́nì-kíì 10). Súkúrúdíráfà pẹlẹbẹ méjì, píláyà, hámà onírọ́bà, hámà irin, abọ́ tí ọ́ìlì máa kán sí, ṣọ́ọ̀kì, àti fóònù tó ń ya fọ́tò. Ẹ wá bóòtù 8 mm méjì tó gùn tó ìka ọwọ́. Ìlò wọn ń bọ̀.

Fún ẹsẹ̀ méjèèjì: síìlì inú méjì, síìlì òde méjì tí ọkọ̀ yín bá ní in, bíárìn pẹ̀lú òrùka irin àti lọ́ọ̀kì-ríǹgì tirẹ̀, rọ́bà roboto tàbí gáásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu ọ̀pọ́, láínì odidi páálí kan (ṣúù mẹ́rin, ìyẹn irin tí láínì lẹ̀ mọ́), ọ́ìlì bíréèkì irú èyí tí a kọ sórí ìdérí ìgò ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú ọkọ̀ yín, tó sábà máa ń jẹ́ DOT 3, àti ọ́ìlì gíà 80W-90 tó jẹ́ GL-5. Ẹ ra lítà 4. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e pa. Ẹ mú síìlì àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé ti tuntun. Hiace oríṣiríṣi ló wà, síìlì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó ń tà á kì í sì í fẹ́ gbọ́ “mo fẹ́ dá a padà”.

Ohun kan tún wà tí ẹ ní láti ṣètò sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti ní pírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì tẹ irin. Bíárìn tó há mọ́ ṣáàfù kì í gbọ́ ti hámà. Ẹ béèrè kí ẹ tó tú ọkọ̀, bí wọ́n wà lórí iṣẹ́ àti bí iná wà. Ẹ má sì gba iṣẹ́ yìí mọ́ra nígbà tí Ojúde Ọba ku ọ̀la, tí awakọ̀ ń ka wákàtí lé yín lórí.

Gbígbé ọkọ̀

Kọnkéré tó tẹ́jú ló dára jù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán ni gáréèjì yín, ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ jáàkì àti sábẹ́ ìdúró, pàápàá lásìkò òjò, torí ilẹ̀ tó le láàárọ̀ lè rì lọ́sàn-án. Ẹ fi ìtì igi há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tú hándíbíréèkì sílẹ̀ pátápátá, kí gíà sì wà ní fíríì. Hándíbíréèkì tí a fà ni ó ń na ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Tó bá wà ní fífà, ẹ ó lu dúrọ́ọ̀mù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyí tí ìtì igi iwájú kò fi ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: kò tún sí ohun mìíràn tó di ọkọ̀ mú.

Ẹ fi jáàkì sábẹ́ dífù, ẹ gbé e, kí ẹ wá ti ìdúró irin sábẹ́ ọ̀pọ́ ákísù lọ́tùn-ún lósì, nítòsí ibi tí sípíríǹgì pẹlẹbẹ jókòó lé. Abẹ́ ákísù ni o, kì í ṣe abẹ́ ṣáásì. Hiace tó ṣófo pàápàá lé ní tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, nítorí náà ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sí i. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Bí kò bá sí ìdúró irin, gígé ìrókò tàbí àpá láti ilé ìlagi, tí ẹ tò ní ìbú àti òòró, sàn jù ú lọ. Kí ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ fa ṣáàfù rẹ̀ ga ju ìkejì díẹ̀, kí ọ́ìlì dífù lè sá lọ sí òdì kejì.

Dúrọ́ọ̀mù

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí ṣáàfù bọ́ sórí dúrọ́ọ̀mù, kó lè padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lójú dúrọ́ọ̀mù Toyota, ẹ ó rí ihò kékeré méjì tí kò ní nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni bóòtù 8 mm ń lọ. Ẹ fọ ìdọ̀tí inú ihò náà, ẹ fi ọwọ́ wọ bóòtù méjèèjì títí wọn á fi kan irin lẹ́yìn, kí ẹ wá máa fi sípánà dè wọ́n ní ìdajì ìdajì yíyí: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Dúrọ́ọ̀mù á máa jáde bọ̀. Ẹni tó bá de ọ̀kan nìkan ń fa dúrọ́ọ̀mù wọ́ ni. Á há síbẹ̀, bóòtù á sì kán sínú rẹ̀.

Bó bá jáde díẹ̀ tó wá dúró, ètè ló fi di ṣúù mú. Dúrọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ máa ń jẹ wọnú níbi tí láínì ti ń gbá a, etí rẹ̀ á wá ga bí ètè ìkòkò. Ẹ lọ sẹ́yìn páànù tó gbé ṣúù, ẹ ṣí rọ́bà kékeré tó bo ihò rẹ̀, ẹ ti súkúrúdíráfà kan wọlé láti gbé apá tó ń dí eyín àjọ́sítà (irin tó ń na ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù) kúrò, kí ẹ fi ìkejì yí eyín náà. Ibi tí ó yẹ kó yí sí lè rú ènìyàn lójú: ẹ yí i ní eyín mẹ́rin márùn-ún, ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ yí dúrọ́ọ̀mù, bó bá le sí i, ẹ yí i sí òdì kejì.

Bí ìpẹtà ló mú un ní àárín, ẹ da dísẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ jẹ́ kó mu ún fún bí wákàtí kan, kí ẹ fi hámà gbá ojú rẹ̀ láàárín àwọn bóòtù táyà. Ẹ má ṣe lu etí rẹ̀, irin dídà ni, bíbù ló ń bù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn. Iná tó bá yọ dúrọ́ọ̀mù á ti sun síìlì àti rọ́bà sìlíńdà bíréèkì kí ẹ tó rí wọn.

Ẹ wò ó kí ẹ tó nù ún

Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti jáde, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ á ti máa yún un láti gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku. Ẹ dá a dúró. Láínì ayé àtijọ́ ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin eruku, kí ẹ fi àkísà kó o. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó kàn án rárá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wo ipa ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà. Ohun tí ẹ bá rí níbi yìí ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Bí ojú omi náà bá bẹ̀rẹ̀ lókè, lábẹ́ sìlíńdà bíréèkì, tó sì ti bó ọ̀dà lára páànù, ọ́ìlì bíréèkì ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, nídìí ṣáàfù, tó sì nípọn, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ọ́ìlì gíà ni, síìlì inú ló jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ gíríìsì dúdú tó ta káàkiri láìsí omi, bíárìn ló ń pọ̀ ọ́. Bí ojú àti imú kò bá dá a mọ̀, ẹ rọ omi díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán ọ́ìlì náà sí i, kí ẹ fi igi rò ó. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 á pò mọ́ omi. Ọ́ìlì gíà á léfòó bí epo lójú ọbẹ̀.

Ẹ wá gòkè lọ wo ihò èémí ákísù. Lórí ọ̀pọ́ ni ó wà, kò tóbi ju orí ìka lọ, àwọn kan sì ní páìpù rọ́bà. Kí ìdérí rẹ̀ máa yí, kó sì máa jó tí ẹ bá fi ìka gbé e. Ọkọ̀ tó ń wọ ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ pupa á ti lẹ̀ ẹ́ pa bí ìgbà tí wọ́n fi amọ̀ dí i. Tí ọkọ̀ náà bá wá sáré dé Ọ̀rẹ̀ ní títì Bẹ́nìnì, dífù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, kò ní ríbi jáde, á sì ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì. Síìlì tuntun mẹ́wàá kò lè dá a dúró. Òdì rẹ̀ náà wà: ákísù tó gbóná tó sì kó sínú àgbàrá á tutù lójijì, á fa omi wọlé, ọ́ìlì gíà á sì funfun bí omi ògì. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù pátápátá.

Láínì tí ọ́ìlì ti mu, ẹ má fi iná sun ún, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó ń gbẹ lójú ni. Bó bá gbóná lẹ́yìn bíréèkì mélòó kan, ọ́ìlì inú rẹ̀ á tún sun jáde. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ láínì wọn pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ló rin, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láínì tí kò bá ti ju 2 mm lọ, àwa kì í dá a padà. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn MAX: ìyẹn ni fífẹ̀ inú rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Dúrọ́ọ̀mù tó ti kọjá rẹ̀, kí a má tún gbé e lọ sí léètì (ẹ̀rọ tó ń fá irin).

Ṣúù àti sípíríǹgì

Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ tú, kí ìkejì wà fún àwòkọ. Ẹ rántí pé ọ̀tún àti òsì dojú kọra bí ojú inú dígí. Ẹ fi píláyà yọ sípíríǹgì tó fa ṣúù méjèèjì mọ́ra, kí ẹ tẹ ìdérí kékeré tó wà láàárín ṣúù kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i kó lè bọ́ lórí ìṣó rẹ̀, ẹ di ìṣó náà mú láti ẹ̀yìn. Ẹ dáàbò bo ojú yín. Sípíríǹgì tó bá fò kì í yan ibi tó máa bà. Ṣúù iwájú á jáde pẹ̀lú àjọ́sítà. Ti ẹ̀yìn ló gbé apá tí wáyà hándíbíréèkì kọ́ mọ́, ẹ yọ wáyà náà lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ “Ọ” àti “Ò” sára àjọ́sítà ọ̀tún àti ti òsì. Ojú súkúrú wọn kò yí sí ibì kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, dípò kí wọ́n máa na ṣúù bọ̀ bí láínì ṣe ń jẹ, ńṣe ni wọ́n á máa fà á sẹ́yìn, pẹ́dà bíréèkì á sì máa wọlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ti pààrọ̀ másítà sìlíńdà (èyí tí pẹ́dà ń tì láti ta ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àjọ́sítà.

Ẹ ká rọ́bà etí sìlíńdà bíréèkì sẹ́yìn díẹ̀. Bí omi bá ṣàn jáde níbẹ̀, sìlíńdà náà ní láti kúrò.

Fífa ṣáàfù

Ẹ tú bóòtù tó wà lókè dífù, èyí tí a fi ń rọ ọ́ìlì, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá da ọ́ìlì nù tán tó wá rí i pé bóòtù òkè ti dípẹtà kò ṣeé ṣí, ọkọ̀ rẹ̀ ti di ère. Tí òkè bá ti ṣí, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn jáde láti ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn páànù, ẹ tú páìpù ọ́ìlì bíréèkì kúrò lára sìlíńdà. Sípánà 10 ni, ṣùgbọ́n èyí tó yí nọ́ọ̀tì ká ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣíṣí lásán, torí nọ́ọ̀tì náà rọ̀, etí rẹ̀ kì í pẹ́ bó. Ẹ fi rọ́bà dí ẹnu páìpù kí ọ́ìlì má baà sọ̀ kalẹ̀ tán nínú ìgò òkè. Ẹ tú bóòtù 12 méjì tó di wáyà hándíbíréèkì mọ́ páànù. Bí ọkọ̀ bá ní wáyà ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì), ẹ kọ́kọ́ yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ṣáàfù á gé e bọ̀.

Ó kù nọ́ọ̀tì 14 mẹ́rin. Lára ọ̀pọ̀ Hilux, ẹ̀yìn páànù ni wọ́n wà, ẹ ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí wọn. Lára àwọn mìíràn, ẹ ó yí ṣáàfù títí ihò ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jáde, ṣáàfù, bíárìn àti páànù á jáde pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo.

Nígbà míì ó máa ń wá wẹ́rẹ́. Nígbà tí kò bá wá, ẹ wá rímù àtijọ́ tí kò ní táyà, ẹ gbé e kọ́ sórí bóòtù táyà, ẹ fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ sí i lẹ́nu nìkan kó lè ní àyè láti máa lọ máa bọ̀, kí ẹ wá di rímù mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ já a gbà sọ́dọ̀ ara yín: gbà! gbà! Rímù ló ń ṣe hámà. Bíi mẹ́ta mẹ́rin, á jáde. Ẹ má ti súkúrúdíráfà sáàárín páànù àti ẹnu ọ̀pọ́ láti fi hú u; páànù á tẹ̀, ojú irin tó yẹ kó dán á gba ọgbẹ́, ibẹ̀ á sì máa jo.

Bó bá ti ń bọ̀, kí ẹnì kejì fi ọwọ́ gbé e lábẹ́. Ṣáàfù wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní eyín mímú. Gbọọrọ ni kí ẹ fà á, bí ìgbà tí a ń yọ idà nínú àkọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, eyín yẹn á fa ẹnu síìlì ya. Ẹ sàmì sí ti ọ̀tún àti ti òsì, torí gígùn wọn lè má dọ́gba.

Síìlì àti bíárìn

Kí ẹ tó yọ síìlì àtijọ́, ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìn tó sínú ọ̀pọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tuntun máa jókòó. Ẹ fi irin oníkọ̀ọ́ fà á yọ láìha ògiri ọ̀pọ́, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ fi gíríìsì pa ẹnu tuntun, kí ẹ fi páìpù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó fẹ̀ tó etí rẹ̀ gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó ní sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kọjú sí ọ́ìlì, ìyẹn sínú.

Ẹ wá gbé ṣáàfù sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi èékánná fa ibi tí ẹnu síìlì ti ń gbá a. Bí èékánná bá kọ́, síìlì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí i, tuntun náà á jo níbẹ̀. Ṣáàfù mìíràn ló kù. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ wo bóòtù táyà rẹ̀, kí ẹ sì tún fi èékánná kan náà fa tirẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bíárìn: ẹ di ìta rẹ̀ mú, ẹ yí i. Tó bá ń dún bí ẹni ń jẹ yanrìn, tàbí tó ń mì lọ mì bọ̀, ó ti lọ. Ẹ yọ lọ́ọ̀kì-ríǹgì, kí pírẹ́ẹ̀sì ti òrùka irin àti bíárìn jáde. Bí òrùka náà bá kọ̀, ẹ fi gíráńdà jẹ ẹ́ lójú kan títí á fi kù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á. Gíráńdà kò gbọ́dọ̀ kan ṣáàfù fúnra rẹ̀, ibi tó bá kàn ni á ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ibi tí àṣìṣe tó ń dun ènìyàn jù ti ń wáyé nìyí: ìtò wọn. Páànù ló ń kọ́kọ́ wọ ṣáàfù, pẹ̀lú ilé bíárìn àti síìlì òde tí ọkọ̀ náà bá ní in. Lẹ́yìn rẹ̀ bíárìn. Lẹ́yìn rẹ̀ òrùka irin. Lọ́ọ̀kì-ríǹgì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbàgbé páànù sílẹ̀ nílé, tó gbé ṣáàfù nìkan lọ sí ibi pírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n sì tẹ bíárìn wọ̀ ọ́, á tún yọ bíárìn tuntun náà, èyí tí a bá sì yọ kì í tún ṣeé gbára lé. Kí ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kí ẹ́ńjìnnì pírẹ́ẹ̀sì tó dún. Òrùka inú bíárìn ni kí pírẹ́ẹ̀sì tẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìta ló tẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á gún ojú ọ̀nà wọn, á sì máa dún hùùù ní ọjọ́ kejì.

Dídá a padà

Ẹ fi rọ́bà roboto tàbí gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sẹ́nu ọ̀pọ́, ẹ fi ọ́ìlì gíà pa eyín ṣáàfù, ẹ gbé e wọlé gbọọrọ, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí eyín á fi mọ ihò rẹ̀ nínú dífù. Ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé. Bí páànù kò bá tíì jókòó pẹ́ẹ́, eyín kò tíì wọlé ni. Ẹ de nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà ní ọ̀nà àgbélébùú. Lára ọ̀pọ̀ Hilux, bíi 68 Nm ni, ìwé ọkọ̀ yín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ṣúù padà bí fọ́tò ṣe fi hàn. Ẹ ta gíríìsì bíńtín sí ibi tí irin ṣúù ti ń fara nu páànù, kò gbọdọ̀ kan láínì. Ọwọ́ tó mọ́ ni kí ẹ fi mú láínì. Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù bò ó, ẹ yí eyín àjọ́sítà títí ẹ ó fi gbọ́ tó ń fara ra dúrọ́ọ̀mù, ṣàà, bí ẹ bá fọwọ́ yí i, kí ẹ dá a padà ní eyín díẹ̀. Fún ọ́ìlì gíà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ́jú ná, ẹ rọ ọ́ títí á fi máa dà jáde lẹ́nu ihò òkè. Àrọ́jù náà ń fa jíjò.

Yíyọ afẹ́fẹ́ nínú bíréèkì gba ènìyàn méjì. Hiace àti Hilux púpọ̀ ní fáàfù kan láàárín ṣáásì àti ákísù tó ń dín bíréèkì ẹ̀yìn kù bí ọkọ̀ bá ṣófo. Bí ákísù bá ń rọ̀ jìnnà sí ṣáásì, á pa ọ̀nà ọ́ìlì mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ìdúró wà lábẹ́ ákísù. Ọmọ iṣẹ́ jókòó sídìí pẹ́dà, ọ̀gá wà lẹ́yìn pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ rì sínú ọ́ìlì nínú ike.

“Tẹ̀ ẹ́.”
“Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá.”
“Dì í mú.”
“Mo dì í mú, sà.”
“Má fi sílẹ̀ o!”

Ọ̀gá ṣí i, hóró afẹ́fẹ́ jáde, pẹ́dà wọlẹ̀, ọ̀gá dè é, ó tó ní “gbé ẹsẹ̀”. Bí ọmọ náà bá gbé ẹsẹ̀ kí ọ̀gá tó dè é, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti yọ á padà wọlé. Ẹ máa wo ìgò òkè, kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì gíà sí i ní pàjáwìrì, bó ti wù kó kéré mọ: gbogbo rọ́bà inú bíréèkì, láti másítà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló máa wú.

Ẹ de nọ́ọ̀tì táyà ní àgbélébùú nígbà tí táyà bá ti kanlẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sí ojú títì tó dákẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kì í ṣe títì Ṣágámù sí Bẹ́nìnì. Ẹ padà wá fọwọ́ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù méjèèjì: bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì lọ fíìfíì, ẹ ti na ṣúù rẹ̀ jù. Ẹ wo inú táyà bóyá ó rin. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 80 sí 100, ẹ tún de nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹ sì fi ìka gbé ìdérí ihò èémí yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i.